Àga Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Rọ́pò Rẹ̀

Nínú ọkọ̀ tó bá ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, àga wà lára ohun tó máa ń tètè bàjẹ́, síbẹ̀ òun ni owó àtúnṣe máa ń kàn kẹ́yìn. Mẹkáníìkì ló ń kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì, páńẹ́lì-bítà á tẹ̀lé e, akunọ̀dà á gba tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá máa fi dé orí àga, àpò ti gbẹ, sùúrù sì ti tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan àga: àwọ̀ tó wù wọ́n, awọ tó ń dán, ìrọ̀rí tó ga. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣòro jù nínú àga ọkọ̀ kò sí lára awọ rẹ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí irin àga ti pàdé irin ọkọ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè ló sì yẹ kí yíyan àga máa gbà.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, àti ní gbogbo ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Fìdítì àti Ìlọrà lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Píjò 504, Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá, àti Mẹ̀sí ayé ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì. Ilẹ̀ Faransé ti gbé 504 jáde ní 1968, wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní Nàìjíríà, ó di ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ ìjọba àti ọkọ̀ ọlọ́lá pa pọ̀. Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì gidi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: MGB àti Triumph Spitfire, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe láti 1962 títí di 1980, Jaguar E-Type tó jáde ní 1961, 504 Coupé tí Pininfarina ya àwòrán rẹ̀. Àmọ́ inú irú àwọn wọ̀nyí ni yíyan àga ti le jù, nítorí pé àyè inú wọn há, ìwọ̀nba ìka díẹ̀ ló sì wà láàárín àga tó wọ̀ àti èyí tí kò wọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ń béèrè, ti 504 kò ní i nira fún un.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá àga náà tilẹ̀ nílò pípààrọ̀. Awọ ìta lè ti ya, fóòmù lè ti di ìyẹ̀fun, sípíríǹgì méjì mẹ́ta lè ti já, kí egungun irin tó gbé gbogbo wọn dúró má sì ní àbùkù kankan. Àga ayé ìgbà yẹn kò díjú. Irin ló wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì lé irin, aṣọ ìdọ̀họ tàbí kánfáàsì lé sípíríǹgì, irun àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà pọ̀ tàbí fóòmù wá tẹ̀lé e, kí aṣọ tàbí awọ tó bò ó. Ẹni tó fẹ́ mọ ipò tó wà gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo rẹ̀ títí kan irin, kó gbé egungun náà ka orí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Bí ó bá ń mì, ó ti wọ́ nígbà kan rí, ó sì lè jẹ́ inú ìjàǹbá ni. Lẹ́yìn náà kó di ẹ̀yìn àga mú, kó máa tì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń yẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, eyín tó ń mú un dúró ti jẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ dáadáa, torí ibẹ̀ ni irin ti ń kọ́kọ́ là.

Egungun tó bá yege nínú gbogbo èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò sí àga tòkunbọ̀ tó lè bá ilẹ̀ ọkọ̀, sítíárìn àti pẹ́dáàlì mu tó èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà wọ̀n fún un. Ẹni tó sọ àga tó ṣì le nù nítorí awọ tó ya ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, ó ti lọ gbé iṣẹ́ wẹ́dà dání, iṣẹ́ wẹ́dà ló sì léwu nínú méjèèjì.

Bí àga bá fẹ́ kúrò lóòótọ́, ilẹ̀ ọkọ̀ ló kàn. Òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú àti abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kápẹ́ẹ̀tì á mu omi náà, á sì gbé e pa mọ́ sórí irin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí ìta rẹ̀ ń dán ni ilẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà débi pé sukudiráfà lásán lè lù ú já. Àyíká ihò bóòtì àga ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́, wọ́n ní láti gé e kúrò, kí wọ́n jó irin tó nípọn bí ti àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ilẹ̀mọ́ àti fáíbà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Òfin Amẹ́ríkà lórí àga ọkọ̀ béèrè pé kí ìdè àga lè gba agbára tó jẹ́ ìlọ́po 20 ìwúwo àga náà, síwájú àti sẹ́yìn. Àga tó bá wọn kílò 15 gbọ́dọ̀ lè fara da ohun tó dọ́gba pẹ̀lú kílò 300 láìjá, ìyẹn láìka ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Nítorí náà bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ gbè é lábẹ́ ọkọ̀ kí ìdè má baà fa ilẹ̀ ya. Wáṣà kékeré kan ṣoṣo kò tó.

Réèlì tí àga ń yọ́ lórí rẹ̀ ló máa ń da ètò rú. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò dúró lórí ọ̀nà kan: àga tí wọ́n ṣe fún un ṣáájú 1973 ń yọ́ lórí réèlì méjì, ti 1973 síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń bọ́ sórí gegele àárín ọkọ̀. Ẹni tó ra àga Ìjàpá fún Ìjàpá láìbéèrè ọdún rẹ̀ lè gbé e délé kó máa wò ó. Ọ̀nà tó dára ni kí wọ́n gbé réèlì àga tuntun náà bọ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀, kí wọ́n wá ṣe irin àfikún tí bóòtì rẹ̀ yóò wọ ihò àtijọ́ nísàlẹ̀, tí yóò sì gba réèlì tuntun lókè. Irin àfikún yìí ń gbé àga ga, ìwọ̀nba tó sì fi ga ni orí awakọ̀ fi ń sún mọ́ òrùlé. Jíjó réèlì mọ́lẹ̀ ọkọ̀ tààrà, bí àwọn wẹ́dà kan ṣe máa ń dábàá, kò dára rárá: àga kò ní i ṣeé tú mọ́, iná sì ń sọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ojú pópó sílẹ̀, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lápá ọ̀tún. MG tàbí Triumph tó bá ti wọlé ṣáájú ìgbà náà lè ní sítíárìn rẹ̀ lápá ọ̀tún títí di òní. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀yìn àga sẹ́yìn sábà máa ń wà lápá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbé àga awakọ̀ láti ara ọkọ̀ Amẹ́ríkà sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ náà á kọjú sí gegele àárín, níbi tí ìka kò ti lè wọlé. Àga èrò ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni kí wọ́n gbé fún awakọ̀, kí ti awakọ̀ lọ sọ́dọ̀ èrò.

Níbo ni àga ti ń wá? Fún ará Fìdítì tàbí Ìlọrà, ọjà Ararọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, ló sún mọ́ jù. Ẹni tí ibẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn á tẹ̀ síwájú dé Ládìpọ̀ ní Muṣin, níbi tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun ní Bẹ́ljíọ̀m. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àga ọkọ̀ kéékèèké òde òní, Máíkírà pàápàá, torí òun ni takisí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Àga Máíkírà kò fẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì lè wọ ibi tó há, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ga fún ọkọ̀ spọ́ọ̀tì, nítorí pé inú ọkọ̀ tó ga ni wọ́n ṣe é fún. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àga tí àwọn tó ń tún MGB àti Spitfire ṣe fẹ́ràn ni ti Mazda MX-5, ọkọ̀ oníjókòó méjì tó jáde ní 1989. Ó rẹlẹ̀, ó há, ó sì ní ìrọ̀rí lára. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́ nínú ọjà Ìbàdàn, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ni ní ohun tó yẹ kí ojú máa wá: àga láti inú ọkọ̀ tó kéré, tó sì rẹlẹ̀, kì í ṣe àga tó lẹ́wà láti inú jíìpù.

Irú àga mẹ́ta wà tó yẹ kí ènìyàn yẹra fún, bó ti wù kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n tó. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní báàgì afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà tó ní orí aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ àga ni àmì rẹ̀. Ohun abúgbàù ló wà nínú báàgì náà, ọkọ̀ àtijọ́ kò sì ní ẹ̀rọ tó lè darí rẹ̀. Iná wẹ́dà tàbí gílóòbù tí ríwaya fi ń dán wáyà wò lè mú un bú gbàmù. Èkejì ni èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ jáde láti ara àga fúnra rẹ̀, bíi ti Mercedes SL tó jáde ní 1989. Gbogbo agbára tí ara ń fi fa bẹ́líìtì nínú ìjàǹbá ló ń já sí ẹsẹ̀ irú àga bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ṣe ilẹ̀ MGB tàbí Ìjàpá láti gba ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àga oníná, tó wúwo, tó ga nísàlẹ̀, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lọ́lá mọ́ bí mọ́tò rẹ̀ bá ti jó.

Kí owó tó jáde lápò, téèpù ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á wọn fífẹ̀ àyè láàárín ẹnu ọ̀nà àti gegele àárín, kì í ṣe nísàlẹ̀ nìkan, lókè pẹ̀lú, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń yọ ìgbọ̀nwọ́ sínú. Wọ́n á wọn jíjìnnà ihò bóòtì sí ara wọn, gíga láti ilẹ̀ dé òrùlé, àti àyè tó wà láàárín itan àti sítíárìn. Awakọ̀ gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ẹni tó wá tún ọkọ̀ ṣe. Bí ó bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì débi tó mọ, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀; bí ó bá na ọwọ́ sórí sítíárìn, kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè kan òkè rẹ̀ láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí òkè gíláàsì. Ohun kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í kà sí: fìlà àti gèlè. Àga tó gba orí lásán lè má gba abetí ajá, gèlè òde àríyá sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àga tó ní ìgbátí gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ń di ara mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, kì í bá agbádá rẹ́. Ẹni tó ń wọ agbádá máa ń fi ìdí fà jáde lórí ìgbátí náà ni, ibẹ̀ ni awọ sì ń kọ́kọ́ ya. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìnáwó, ìgbátí rírẹlẹ̀ ló dára jù.

Èyí kan àga eré ìje pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ Reutter ní Stuttgart, tó ń ṣe ara ọkọ̀ fún Porsche, yí orúkọ rẹ̀ sí Recaro ní 1963, ó sì gbé àga spọ́ọ̀tì tirẹ̀ jáde ní 1965. Láti ìgbà náà ni àga tó di ara mú ti di ohun tí ọ̀dọ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé dá sẹ́yìn kò wúlò nínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó ní àga ẹ̀yìn, torí èrò kò ní ibi tí yóò gbà kọjá. Àjọ FIA tó ń darí eré ìje ọkọ̀ sì ka ọdún 5 péré sí ọjọ́ ayé àga tó bá ní àmì 8855-1999. Èyí tó dé ọjà Ládìpọ̀ sábà máa ń ti kọjá ìyẹn. Bẹ́líìtì olójúúkò mẹ́rin tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn léwu nínú ọkọ̀ tí kò ní irin agbòrùlé: bí ọkọ̀ bá gbókìtì, ó ń di ènìyàn ró ṣánṣán sábẹ́ òrùlé tó ń wó bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún 1960 sí 1970 kò ní ìrọ̀rí lórí àga. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1969, nítorí ọrùn tó ń ṣẹ́ sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá gbá ọkọ̀ nídìí. Nínú gbogbo ohun tí àga tuntun lè fi kún ọkọ̀ àtijọ́, ìrọ̀rí ló níye lórí jù. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ga tó ẹ̀yìn orí. Èyí tó mọ sí ọrùn á sọ ara rẹ̀ di ibi tí ọrùn ti ń ṣẹ́. Bẹ́líìtì olójúúkò mẹ́ta, tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní 1959, ni kí wọ́n lò: òfin ojú pópó Nàìjíríà ń retí bẹ́líìtì lára awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kì í sì í béèrè ọjọ́ orí ọkọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Ara ọkọ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́, pẹ̀lú bóòtì ìnṣì 7/16 tí wọ́n ṣe fún un. Bí àga tuntun bá ga tàbí sún síwájú ju ti àtijọ́ lọ, bẹ́líìtì lè máa ge ọrùn tàbí kó gun orí ikùn. Orí egungun ìbàdí ló yẹ kó wà.

Fóòmù ló kàn. Èyí tí wọ́n ń gé ta fún bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń wà láàárín kílò 20 sí 30 fún mítà kúbíìkì kan. Ti àga ọkọ̀ wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó tutù lára lónìí á ti pẹlẹbẹ kí ọdún tó yí po, awakọ̀ á sì máa wo ojú ọ̀nà láàárín apá sítíárìn. Kí wọ́n lo èyí tó le nísàlẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Irun àgbọn tí Ìjàpá ń lò ń mí dáadáa nínú oru, àmọ́ èkúté fẹ́ràn rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ lẹ́yìn ilé.

Orí awọ ni ọ̀rọ̀ wá kàn báyìí. Èyí tí ọjà ń pè ní lẹ́dà, awọ oníke, ló wọ́pọ̀, òun náà ló sì wà lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá àti Mẹ̀sí láti ilé iṣẹ́, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú lílò ó. Ààbọ̀ iṣẹ́ ni kí wọ́n ra dúdú sínú ọkọ̀ tó ń sùn sínú oòrùn: ó ń jó itan, ó sì ń tètè sán. Awọ gidi ń béèrè owó àti ìtọ́jú. Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrà àti Awẹ́, gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ ọnà awọ, ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà tó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò níbẹ̀ sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ télọ̀ àga lọ. Ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń lò jù, èyí tí ilẹ̀ Haúsá ń fi èso bagaruwa ṣe. Ó fẹ́lẹ́, aró rẹ̀ sì lè ràn mọ́ aṣọ bí òógùn bá kàn án. Ti àga ọkọ̀ jẹ́ awọ màlúù tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 1.4. Awọ màlúù kò wọ́n ní ìlú tí wọ́n ń pa màlúù lójoojúmọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń bá onítáńáárì dù ú, pọ̀nmọ́ tí iná ti jó irun rẹ̀ kò sì lè di awọ àga mọ́ láé. Iṣẹ́ tí ó bá oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ mu jù ni ìrọ̀rí, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti etí àga, kí awọ màlúù gba ibi tí ìdí ń jókòó lé.

Àrán gbóná, ó ń mu òógùn, eruku ọyẹ́ sì ń fi í ṣe ilé. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn dára ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń hun ún sí bá àárín àga spọ́ọ̀tì mu, torí ìlà gígùn ni wọ́n máa ń rán sára irú àga bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi kánfáàsì tì í lẹ́yìn, kí wọ́n má sì gbé e dé ẹ̀gbẹ́, níbi tí kọ́kọ́rọ́ àti bọ́tìnì á ti máa fa òwú rẹ̀ yọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá yàn, òwú ọ̀rá ni kí wọ́n fi rán an, nítorí òwú lásán máa ń jẹrà lójú abẹ́rẹ́ kí awọ tó gbó.

Àga ẹ̀yìn kò ní ìdíjú tó bẹ́ẹ̀, àfi ní ibi kan. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá dín fóòmù kù tàbí tí sípíríǹgì bá rọ̀, tí ẹni tó sanra sì jókòó, irin sípíríǹgì lè kan orí bátìrì, kí irun àgbọn sì gbiná. Ìdérí bátìrì tí ilé iṣẹ́ ṣe fún un sábà máa ń ti sọnù. Kí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn rọ́pò rẹ̀ kí àga tó padà sáyè rẹ̀. Ní ti 504 onílé gígùn tó ní ọ̀wọ́ àga mẹ́ta, èyí tó bá ti pẹ́ nídìí kíkó ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó lójú ọ̀nà Fìdítì sábà máa ń ti pàdánù ọ̀wọ́ ẹ̀yìn, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀ dáadáa ju òmíràn láti ara 504 tó ti kú lọ.

FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ń ka ọkọ̀ sí ohun ìtàn bí ó bá ti pé ọdún 30 tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀wá. Ní ojú irú wọn, àga Máíkírà nínú MGB ń dín iyì ọkọ̀ kù, bó ti wù kó rọ ìdí lọ́rùn tó. Nítorí náà àtúnṣe tó ṣeé dá padà ló dára: kí wọ́n má gé gegele, kí wọ́n má sọ ihò àtijọ́ dí, kí wọ́n fi ọ̀dà kun egungun àga tí wọ́n tú kúrò, kí wọ́n gbé e kọ́ sókè kúrò nílẹ̀ tútù. Réèlì àti bóòtì rẹ̀ ni kó wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé réèlì MGB, tàbí ti Ìjàpá ọdún 1972, kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń lọ rà ní Ararọ̀mí.